Etí Irin ní Èfọ̀n-Aláayè

Nínú àpótí ọtí ló ti gbé e wá láti Ìbàdàn,
ó fi koríko gbígbẹ tẹ́ ẹ,
ó gbé e lé itan nínú ọkọ̀ akẹ́rù
títí wọ́n fi gun òkè dé Èfọ̀n.
Fápohùndà ni ọ̀gá mi ń jẹ́.
Ẹ má bi mí bóyá orúkọ ń roni.

Gbohùngbohùn ni. Ó wúwo bí ọmọ odó,
ojú rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́ bí afárá oyin.
Láàárín òòfà méjì tó wà níkùn rẹ̀,
ọ̀já irin kan so rọ̀ síbẹ̀
tó fẹ́lẹ́ ju ìyẹ́ lámilámi lọ.
"Ohùn nìkan ni kó kàn án," ọ̀gá mi wí,
"ẹ má jẹ́ kí atẹ́gùn mọ̀ pé ó wà."

Sítóò kòkó tó ṣófo ni sítúdíò wa.
Àpò ìdọ̀họ la fi bo ògiri,
nítorí àwọn òkè ìlú yìí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ sinmi:
o sọ ọ̀kan, wọ́n dá méjì padà fún ọ.
A máa ń lé ewúrẹ́. A máa ń bẹ alágbẹ̀dẹ ìsàlẹ̀
kó jọ̀wọ́ fi owú lélẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta.
Òórùn kòkó kò kúrò níbẹ̀ rí.
Bóyá ó wọ inú téèpù pẹ̀lú.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí.
Ọ̀gá yà sẹ́yìnkùlé,
mo gbẹ́nu lé e bí mo ti ń rí i lóde ìsọjí,
"Hẹ́lóò! Hẹ́lóò!", mo sì fẹ́ ẹ: fúù.
Nǹkan kékeré kan já.
Kò dún ju kí èékánná ya lọ.

Kò nà mí. Èyí ló dùn mí jù.
Ó ní kí n lọ ṣa páálí sìgá òfìfo wá ní gáréèjì.
Ó bó bébà fàdákà inú rẹ̀, ó rẹ ẹ́ sómi,
ó fi abẹ gé e tẹ́ẹ́rẹ́,
òru mẹ́ta pẹ̀lú àtùpà,
kò mí dáadáa, èmi náà kò mí.
Láti ìgbà náà, gbogbo ohùn tó bá gba ibẹ̀ kọjá
a máa ní èéfín díẹ̀ lára.

Bẹ́ẹ̀ ni Ojúọlápé ṣe bá a, amọ̀kòkò ará Ìsàn,
tí amọ̀ ṣì há sí èékánná rẹ̀.
Ó sọ bí wọ́n ṣe ń sun ìkòkò,
ó sọ "ulé", ó sọ "usu", ó sọ "ùlú",
"u" kan náà tí tíṣà fi pàṣán yọ lẹ́nu wa
bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀.
Irin kò bá a wí.
Irin gbà á bó ṣe wá.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ọkùnrin kan ti Èkó wá,
ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun kó tó fọwọ́ kàn án.
Ó ní mélòó ló kù láyé. Ó ní èéfín inú rẹ̀,
òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, ohun tó sọ ọ́ di ọ̀wọ́n nìyẹn.
Ó dárúkọ owó tó lè bo ilé mẹ́ta ní páànù.
N kò sọ̀rọ̀ sìgá.
Kò béèrè téèpù.

Téèpù wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi,
púpọ̀ ti bu bí búrẹ́dì ọ̀sẹ̀ tó kọjá.
Ti Ojúọlápé, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú kan ló kù:
ọ̀gá mi wúkọ́, àga dún,
ìyá náà wá rọra súnmọ́ etí irin, ó béèrè
bí ẹni ń bi ọmọ tó ń sùn:
"Ṣé ò ń gbọ́ mi?"

Ọkùnrin Èkó tún pè lórí fóònù láàárọ̀ yìí.
N kò tíì dá a lóhùn.