Iṣẹ́ Wo Gan-an Lò Ń Ṣe?

Ìyá mi ń ṣa òkúta lára ìrẹsì nílé wa l'Ókèsà, n'Íléṣà,
ó bi mí léèrè láìgbójú sókè:
"Ìbídàpọ̀, iṣẹ́ wo gan-an lò ń ṣe?
O ò so páìpù, o ò fa wáyà,
o ò lè tú jẹnẹrétọ̀ palẹ̀,
wọ́n sì ń pè ọ́ ní ẹnjiníà."

Mo ní, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé ìgbẹ̀bí kan.
Omi kànga wọn mọ́ gaara. Táǹkì wọn kò jò.
Wáyà tuntun, páìpù tuntun,
oníkálukú gbowó iṣẹ́ rẹ̀, ó búra, ó lọ.
Síbẹ̀, lóru, nígbà tí orí ọmọ bá ń yọ,
Nọ́ọ̀sì Ọ̀jẹ́wùmí á gbé korobá, á sọdá títì.

Púlọ́ńbà ní ẹ̀bi oníná ni.
Oníná ní ẹ lọ bi púlọ́ńbà.
Igi kan kò ṣẹ́, igbó ti dàrú.

Màmá, òṣómàáló ni bàbá tó bí yín,
ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè
títí owó aṣọ fi jáde.
Bẹ́ẹ̀ ni mo lóṣòó sí gbàgede wọn lóru mẹ́ta,
èmi, ìwé, bírò, àti ẹ̀fọn.
N kò tú nǹkan kan. Ìbéèrè ni mò ń bi wọ́n:
ta ló ń fẹ́ omi, nígbà wo, korobá mélòó?
Bí èyí bá dákú, kí ni yóò tẹ̀lé e?
Mo fa ìlà láti ara nǹkan dé ara nǹkan
títí ìwé mi fi rí bí ìtàkùn ẹ̀gúsí.

Lóru kejì mo gbọ́ ọ:
fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára jí, ó hùn,
ẹ̀rọ omi sì dákẹ́.
Àwo kan náà ni wọ́n ti ń jẹun,
oúnjẹ náà ò tó ẹni méjì.
Lóru kẹta mo rí èyí tí kò sí nínú àwòrán ẹnikẹ́ni:
kọ́kọ́rọ́ jẹnẹrétọ̀ wà lápò Bàbá Àṣámú,
Bàbá Àṣámú ń sùn n'Íjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà.

Mo ní kí fíríìjì àti ẹ̀rọ omi máa gba ara wọn láyè.
Lẹ́yìn náà, mo kan ìṣó kan mọ́ ògiri iyàrá ìgbẹ̀bí,
mo kọ́ kọ́kọ́rọ́ sí i.

Ìyá mi ju òkúta kékeré kan síta.
"Ìṣó," ló wí. "Ìṣó ni wọ́n torí ẹ̀ sanwó fún ọ."
Ó ṣe díẹ̀, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀,
ó fi àtàǹpàkò tẹ orúnkún jẹ́jẹ́.
"Egungun kọ́ ló ń dùn mí," ló wí,
"ibi tí wọ́n ti pàdé ni."