Àlùbọ́sà Mẹ́wàá

Ọjọ́ kẹta tí mo dé Masuda,
mo dúró níwájú ilẹ̀kùn rélùwéè,
mo ń retí kó ṣí.
Kò ṣí.
Ọkọ̀ oníkọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí arúgbó tó gun òkè;
èmi ń wò ó, òun náà ń wò mí.
Ọmọ ilé-ìwé kan na ọwọ́ gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá,
ó tẹ bọ́tìnì. Ilẹ̀kùn ṣí fàà.
Kò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ní Osaka, ilẹ̀kùn kì í béèrè lọ́wọ́ ẹni.
Yóò ṣí, èrò yóò dà ọ́ sínú bí ìrẹsì sínú àpò,
wọn yóò tún dà ọ́ síta níbi tí ò ń lọ
tàbí níbi tí o kò lọ.
Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi gbé ibẹ̀
láìmọ ojú ẹni tó ń sùn lókè orí mi.
Ikọ́ rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀:
ẹ̀ẹ̀mejì, lóru, kó tó paná.
Bí kò bá tíì wúkọ́, oorun kì í kùn mí.

Ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì kékeré kan ń bẹ lẹ́bàá òkun,
ta ló fẹ́ lọ?
Kálukú ń wo bàtà ara rẹ̀.
Èmi ni mo gbójú sókè, n kò mọ ohun tó tì mí.

Àlùbọ́sà ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀.
Mẹ́fà, nínú páálí, lẹ́nu ọ̀nà,
erùpẹ̀ ṣì wà lára wọn, kò sí orúkọ, kò sí ìwé.
Mo ní wọ́n ṣi ilé ni. Mo fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀.
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti di mẹ́wàá.

Ìyá àgbà Tokie ló ni oko ẹ̀yìnkùlé.
Ó ti mọ̀ pé mo ra ẹyin,
pé iná yàrá mi kì í kú kí aago méjì tó lù,
pé ẹni kan ṣoṣo ló ń sá aṣọ.
"Ọkọ ń bọ̀ lẹ́yìn ni?"
Kò gbójú sókè, koríko ló ń fà.
Mo ní: "Kò bọ̀ mọ́."
Ó ní: "A jẹ́ pé mẹ́wàá ti pọ̀ jù nìyẹn,"
ó sì kó mẹ́rin padà sílé.

Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran.
Èmi létí, n kò fi gbọ́ràn:
ìdákẹ́jẹ́ ló dí i fún mi.
Àfi ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́,
tí ẹ̀rọ orí òpó bá da orin bo gbogbo ìlú:
ẹ̀yin ọmọdé, eré tó, ẹ máa relé.
Ọmọdé mélòó? Méjì ni mo kà, ọ̀kan sì jẹ́ ajá.
Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mí,
síbẹ̀, bí orin yẹn bá ti dún,
mo ń palẹ̀ tábìlì mọ́, mo ń wá bàtà.

Ìyá mi pè: "Chizuru, kí ló wà níbẹ̀ gan-an?"
Mo ronú títí.
Òkun wà.
Ilé ìtajà kan wà tó ń tilẹ̀kùn ní aago méje.
Ọkùnrin kan wà ní ilé ìfìwéránṣẹ́
tó ń pe orúkọ mi kí n tó la ẹnu.
"Ìyẹn tó?"
Mo ní kó dúró ná, nǹkan ń jóná lórí iná.
Kò sí nǹkan tó ń jóná.

Lóru àná, kí n tó paná,
mo gbọ́ tí ẹnìkan wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì.
Èmi ni.
Nígbà tí mo jí, atalẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà,
odidi, tútù, nínú ìwé ìròyìn.
N kò mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́ ni
àbí kí n fa aṣọ fèrèsé.
Mo ṣe méjèèjì.