Agolo Fíìmù Nígbó Gàḿbàrí

Méje fún àríwá, mẹ́ta fún ìlà-oòrùn,
ìyókù nọ́ńbà gùn bí ìrù ọ̀bọ.
Àmọ̀kẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù.
Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹnìkan gbé nǹkan pamọ́ sígbó.
Ẹni tó bá rí i á kọ orúkọ sílẹ̀,
á mú ọ̀kan, á fi ọ̀kan rọ́pò,
á sì dá a padà síbi tó ti bá a."
Mo ní ṣé owó ni? Ó ní rárá.
Mo ní ṣé oògùn ni? Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

Ọkọ̀ já wa sí Ìdí-Ayunrẹ́,
ọ̀kadà gbé wa kọjá ibi tí ọ̀dà ti tán.
Igbó Gàḿbàrí dúró, kò kí wa.
Igi tíìkì tò bí ọmọ iléèwé lórí ìlà,
ewé gbígbẹ ń ké lábẹ́ bàtà wa,
káráká, káráká,
bí ẹni ń jẹ gúgúrú nínú òkùnkùn.

Fóònù ní ká yà sọ́tùn-ún; odò ló wà lọ́tùn-ún.
Fóònù ní a ti dé; a ò dé ibì kankan.
Lábẹ́ nọ́ńbà, ẹni tó gbé e pamọ́ kọ ìlà kan:
"Ibi tí iná bá kú sí ni àwòrán ti ń bẹ̀rẹ̀."
Àmọ̀kẹ́ ń tan tọ́ọ̀ṣì, ó ń wá iná tó kú.
Èmi jókòó lórí gbòǹgbò, ìjàlọ gun mí lẹ́sẹ̀,
ọ̀rọ̀ ìyá mi sì sọ sí mi lọ́kàn:

"Lọ́dún tí wọ́n ya fíìmù nígbó Gàḿbàrí,
ọkọ̀ akóyanrìn ni wọ́n fi kó wa láti Ọjà-Ọba,
náírà márùn-ún lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan, àti búrẹ́dì.
Wọ́n ní ká sá. A sá.
Wọn ò sọ ohun tó ń lé wa.
Wọ́n ní ká padà, ká tún un sá.
Bàtà mi kan ti sọnù nígbà náà,
ẹsẹ̀ kan nínú bàtà, ẹsẹ̀ kan lórí ẹ̀gún."

Fíìmù ọ̀hún kò jáde. Wọ́n ní owó tán,
wọ́n ní ọ̀gá tó ń yà á lọ sí Kùtọnù, kò bọ̀.
Ìyá mi ń ra tíkẹ́ẹ̀tì sinimá ní Mọ́kọ́lá,
ó ń wá ara rẹ̀ nínú fíìmù àwọn Íńdíà.

Oòrùn yí díẹ̀. Ìtànṣán kan gba àárín ewé,
tẹ́ẹ́rẹ́, eruku ń jó nínú rẹ̀,
bó ti máa ń yọ láti ihò ẹ̀yìn orí wa ní sinimá.
Ó gúnlẹ̀ sára igi kan tó ti wó, ó kú síbẹ̀.
"Àmọ̀kẹ́, pa tọ́ọ̀ṣì."
Ó ki ọwọ́ bọ ihò igi.
Agolo. Pẹrẹsẹ bí àwo ọbẹ̀, ìpata ti jẹ ẹ́ létí.

Nínú rẹ̀: ìwé kékeré, orúkọ mọ́kànlá,
bọ́tìnì kan, tíkẹ́ẹ̀tì tí omi ti fọ̀,
àti fíìmù tó gùn tó apá ọmọdé.
A gbé e sójú oòrùn.
Igi. Igi. Èèyàn tó ń sá, wọ́n kéré bí èèrà.
Mo ń kà wọ́n bí ẹni ń ka owó àjọ.
Létí àwòrán kẹsàn-án, níbi tí wọ́n gé e dé,
kò sí ojú, kò sí ọwọ́,
ẹsẹ̀ obìnrin kan ló kù tó ń lọ.
Kò wọ bàtà.

Ó lè jẹ́ ẹlòmíràn. Igbó yìí ti gba ẹsẹ̀ púpọ̀.
"Ẹ mú un, Bọ̀ọ̀dá, òfin gbà yín láyè."
Mo wò ó pẹ́. Mo ká a padà sínú agolo:
èèyàn mọ́kànlá ti gbé e sójú ìmọ́lẹ̀,
kí ni n ó fi í ṣe nínú dúrọ́ọ̀ mi?
Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mi ò kọ tèmi:
Ráfátù Àdùkẹ́. Ó sá a lẹ́ẹ̀mejì.
Mo tú okùn bàtà mi òsì, mo fi tì í.

Òjò ṣú lójijì. A bẹ̀rẹ̀ sí í sá,
bàtà òsì ń gbá mi ní gìgísẹ̀, Àmọ̀kẹ́ ń kígbe ẹ̀rín,
títí a fi bọ́ sójú títì.
Ọlọ́kadà kan fara balẹ̀ wò wá.
Ó ní, "Kí ló ń lé yín?"