Àpótí Ìyá Kùmásí

Nígbà tí wọ́n pín ogún Fébè Àrìnpé ní Òkè-Ẹlẹ́rin,
Láoṣebìkan mú oko kajú,
àwọn ìbejì mú ṣọ́ọ̀bù méjèèjì tó kọjú sí títì,
wọ́n wá wo èmi, àbíkẹ́yìn nínú ọmọ-ọmọ,
wọ́n ní, "Ìwọ, gbé àpótí."
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rín díẹ̀.

Àwọ̀ rẹ̀ bí àwọ̀ obì tó gbó.
Ènìyàn méjì ní í gbé e, ẹnì kẹta a di ìlẹ̀kùn mú.
Igi náà fúnra rẹ̀ ló ń ta sánsán bíi káńfọ̀,
kòkòrò tó ń jẹ aṣọ kì í yà síbẹ̀.
Ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ;
ọ̀nà tó gbà dé Sẹ̀kọ̀ńdì, òkun nìkan ló mọ̀ ọ́n.
Òyìnbó kan tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ ló tà á fún ìyá àgbà.
Ó fi èrè aṣọ ọdún kan gbáko rà á.
Ọkọ rẹ̀ ò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Lọ́dún tí Gánà ní kí àlejò máa lọ,
ọjọ́ mẹ́rìnlá péré,
àwọn mìíràn fi bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀, wọ́n fi owó sílẹ̀ lọ́wọ́ onígbèsè.
Àrìnpé fi ìkòkò tọrẹ, ó gbé àpótí sọ́kọ̀.
Ó tẹ́ ọmọ sínú rẹ̀:
ìyá mi nìyẹn, ọmọ oṣù méje,
tó sùn láàárín aṣọ títí wọ́n fi kọjá bọ́dà.
Egbò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, gígùn rẹ̀ tó ìka mi,
irin lọ́rì ló ṣe é.
Kò jẹ́ kí kápẹ́ńtà kankan dí i.
"Ó ti kọlà," ló máa ń wí. "Ó ti di ará ilé."

Ní kékeré, ìka ni mo fi ń rin ìlú tó wà lójú rẹ̀.
Ma bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ igi tí afẹ́fẹ́ tẹ̀,
ma gun afárá, ma kí àwọn àgbà mẹ́ta tó ń tayò,
ma dé ilé tí òrùlé rẹ̀ ká sókè
bí etí fìlà abetí-ajá.
Ejò ẹlẹ́sẹ̀ kan lọ́ mọ́ ìdérí,
ó nírùngbọ̀n, ó níwo.
Mo bi ìyá àgbà pé irú ẹranko wo nìyí.
Ó ní, "Ọ̀nì ni.
Ìrìn àjò ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá Ògúnníran kápẹ́ńtà wá yẹ̀ ẹ́ wò.
Ó wá ìṣó títí, kò rí.
Ìka igi ló wọnú ìka igi,
bí ọwọ́ ẹni tó ń gbàdúrà.
Ó ṣí fìlà.
Ọkùnrin tó ti kan ìṣó fún ogójì ọdún
dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá."
Ewúrẹ́ kan ké lẹ́yìnkùlé.

A dojú rẹ̀ dé. Àkọlé dúdú mẹ́ta wà nídìí rẹ̀
tí ẹnikẹ́ni nílé wa ò lè kà.
Bóyá orúkọ agbẹ́gi ni. Bóyá iye owó ni.
Bóyá "ẹ má gbé e sójò" ni.
Àti ọkùnrin kan lórí afárá tí kò lójú, kò nímú:
agbẹ́gi gbẹ́ ẹ dé ọrùn, ó fi í sílẹ̀.
Ta ló pè é? Ṣé oúnjẹ ló jinná?

Òǹrajà kan wá láti Ìbàdàn,
ó ka owó sórí ìdérí,
owó náà bo ọ̀nì wa lójú.
Mo ní kó kó o kúrò, ẹranko náà ń wò mí.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá mi a dé.
A ṣí àpótí, a ki orí bọ inú rẹ̀,
a mí kanlẹ̀, a pẹ́ níbẹ̀.
N kì í bi í ní nǹkan kan.
Mo kàn máa ń bá a di ìdérí mú.