Yanrìn Tí Kò Gbomi

Ní Àkọkà, nínú yàrá tí fáànù kan ń ké bí eku,
mo lọ yanrìn títí ó fi kúnná ju àtíkè lọ.
Yanrìn Ọ̀wọ́rọ̀ńṣókí ni. Bàbá mi ló wà á nísàlẹ̀ ọ̀sà,
pẹ̀lú garawa onírin kan
àti èémí tó há mọ́ àyà.

Ẹ wò ó kí n tó fọwọ́ kàn án:
ẹ̀kán omi kan bọ́ sórí rẹ̀, ó wọlé láìkanlẹ̀kùn.
Yanrìn lásán ò mọ àlejò yàtọ̀ sí onílé;
gbogbo ara rẹ̀ ọwọ́ ni,
gbogbo ọwọ́ náà ló nà sí omi.

Mo rọ ọ́ sínú ìgò, mo da kẹ́míkà olóòórùn lé e,
mo sè é jẹ́ẹ́jẹ́ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.
Wọ́n mú iná lọ lẹ́ẹ̀mejì; jẹnẹrétọ̀ ló bá mi parí rẹ̀.
"Ọwọ́ kọ̀ọ̀kan," ni Dókítà Òṣínúbi wí,
"la ti fi ìbọ̀wọ́ ọlọ́ràá wọ̀.
Jẹ́ ká wo bí yóò ṣe kí omi."

Ẹ̀kán omi bọ́.
Kò wọlé.
Ó ká ara rẹ̀ jọ roboto bí ìlẹ̀kẹ̀,
ó ń yí kiri lórí ìyẹ̀fun, kò ríbi jókòó,
bí òjò tó na ewé kókò látàárọ̀
tí ewé kókò ò sì tutù.
A yà á ní fọ́tò, a wọn igun tó fi ẹsẹ̀ tẹ̀:
àádọ́jọ ó dín mẹ́ta. Ọwọ́ mi gbọ̀n bí mo ṣe ń kọ ọ́.
A kán glísárìn, ó kọ̀ ọ́.
A kán epo. Kí a tó ṣẹ́jú, kò sí epo mọ́.
Kì í ṣe pé kò lọ́rẹ̀ẹ́,
ó ti pààrọ̀ ọ̀rẹ́ ni.

Lọ́jọ́ Sátidé mo gbé díẹ̀ lọ bá Bàbá létí ọ̀sà.
"Yanrìn yín rèé."
"Èyí? Èyí tó dà bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì?"
Ó dà á sójú omi.
Yanrìn, tí kì í kọ ìsàlẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀,
tẹ́ ara rẹ̀ bí ẹní, kò lọ.
Bàbá ti ìka bọ̀ ọ́: ìka wọlé, ìka jáde, gbígbẹ.
Ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ọrùn ọwọ́.
Ó wo ọwọ́ náà pẹ́.

Ó ní ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni omi yìí ti ń wọ òun.
Ó wọ etí ọ̀tún, kò jáde mọ́.
Ó wọ èékánná, ó wọ oríkèé, ó wọ oorun.
"Àrínọlá, ẹ̀yin lẹ kàwé.
Ṣé ẹ lè ṣe é fún awọ ènìyàn?"
Mo ní rárá, tàbí mo ní kò tíì yá.
N kò rántí èyí tí mo sọ.

Ọkọ̀ Jìnádù kọjá, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń jò,
ọ́ìlì dúdú tẹ̀ lé e lẹ́yìn.
Yanrìn wa sáré pàdé rẹ̀, ó mu ún yó,
ó wúwo,
ó rì.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni Bàbá wí,
"ó kúkú ní ohun tó ń rì í."
Ó gbé garawa, ó fa èémí sínú,
ó bọ́ sómi.