Ìka Mélòó Nìyí?

Àtẹ̀gùn ni ìlú wa, Valparaíso:
igba ó lé mẹ́tàdínlógún, láti ẹnu ọ̀nà wa dé ilé ìwé.
Mo mọ èyí tó sán, mo mọ èyí tó ń yọ̀ bí òjò bá rọ̀,
mo mọ ibi tí ajá Don Eleuterio ń sùn sí,
tí mo ní láti gbẹ́sẹ̀ ga kọjá ìrù rẹ̀.

Ojú mi kò kú lọ́jọ́ kan.
Ó ń tì díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ti ìlẹ̀kùn
tí kò fẹ́ kí ará ilé gbọ́.
Èyí tó kù kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ.
Ibẹ̀ ni mo ti ń wo òkun,
ọkọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan.

Baltazar á nawọ́ síwájú mi:
"Rayén, ìka mélòó nìyí?"
Bí mo bá ní méjì, á ní mẹ́ta ni.
Bí mo bá ní mẹ́ta, á ti ká ìka kò kí n tó sọ tán.
Ẹ̀rín á bú.
Wọ́n yọ àga mi, mo jókòó sórí afẹ́fẹ́.
Wọ́n gbé ọ̀pá funfun mi kọ́ sókè fèrèsé,
wọ́n ní kí n wá a bí mo bá lójú.

Mo sọ fún màmá mi pé mo ṣubú ni.
Irọ́ náà ti di èépá lórúnkún mi.

Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Etí ni tèmi wà.
Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀rín.
Ti Baltazar, imú ló ń gbà jáde.
Ti Vicente máa ń pẹ́; ó ń dúró de ti ẹlòmíràn.
Mo kà á, mo tún un kà: mẹ́rin péré!
Èmi tí mo rò pé gbogbo kíláàsì ni.
Àwọn yòókù dákẹ́ ni,
ìdákẹ́ wọn ni kò sì jẹ́ kí n sùn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ó tún bi mí.
Mo ní, "N kò mọ ti ìka.
Ẹni mẹ́rin ló rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin yòókù, ẹ̀yin mélòó ló wà níbí?"

Pẹ́ńsù kan yí, ó já bọ́.
Àga kan dún.
Ohùn Ignacia ń gbọ̀n bí ife lórí àwo:
"Méjì ni. Ìka méjì ló nà, Rayén."

Kò parí síbẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀ wọ́n tún gbé ọ̀pá mi.
Ṣùgbọ́n mo ti fi orúnkún mi han màmá mi,
Ignacia sì ń bá mi sọ̀ kalẹ̀ báyìí,
bàtà rẹ̀ ń han pìn-ín, pìn-ín.
Lánàá ó kà á dé ìsàlẹ̀, ó ní igba ó lé mẹ́rìndínlógún.
Mo ní ó fo ti ajá.
A padà sókè lọ kà á.