Màmá Àgbà, Ẹ Má Tíì Lanu

Màmá àgbà, ẹ má tíì lanu.
Mo mọ̀ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń ro yín látàná,
pé obì àti áásáà ti kọ́lé sídìí eyín yín,
wọ́n ti fi òkúta ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀.
Ẹ ní, “Ṣebí eyín náà lo lọ kọ́?”
Eyín náà ni. Ẹ jẹ́ n rojọ́ ná.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo jókòó ṣe wáẹ̀kì.
Físíìsì ló gbé mi ṣánlẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́.
Lẹ́ẹ̀kejì, Bàbá ta ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ táyà ní Tákìé.
Kò sọ fún mi. Gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ gbọ́ ṣáájú mi.
Mo kàn ṣáà rí i
tó ń fi páǹpù ọwọ́ fẹ́ táyà ọlọ́kadà,
tí òógùn ń kán sórí rọ́bà.

Jáǹbù tẹ̀lé e. Ilé-ìwé tẹ̀lé e,
ọdún gorí ọdún tí mo ń ka eyín
bí ẹni ń ka ẹbí bàbá rẹ̀:
ti iwájú, ti ẹ̀gbẹ́, ti kọ̀rọ̀,
àti àpẹ́yìndé tí í hù nígbà tí ènìyàn ti gbọ́n tán.
Èjí Bàbá kò sí nínú ìwé wọn
àfi níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ bí àbùkù.
Mo kọ ohun tí wọ́n fẹ́, kí n lè yege.
Orí onírọ́bà ni mo fi kọ́ṣẹ́; Másọ̀rọ̀ la sọ ọ́.
Ẹ̀jẹ̀ kò jáde lẹ́nu rẹ̀ rí. Kò bú mi rí.

Mo ti ṣe ìdánwò ìgbìmọ̀. Mo ti yege.
Ìwé àṣẹ ló kù tí kò tíì dé,
èyí tí n ó máa sanwó tún ṣe
títí ojú mi yóò fi ṣú.

Ẹ ní, “Ta ni yóò rí wa? Ti ilẹ̀kùn.”
Màmá, ẹ rántí Ògúntáyọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Afọ̀n
tó fi ẹ̀mú kẹ̀kẹ́ yọ eyín Àǹtí Morádékẹ́.
Oṣù kan gbáko ni Àǹtí fi ń kọ ọ̀rọ̀ sórí pépà.
Ọwọ́ Ògúntáyọ̀ kò gbọ̀n.
Ó dá a lójú ju bó ṣe dá mi lójú lọ.

Ìbọ̀wọ́ wà nínú báàgì mi. Irinṣẹ́ wà níbẹ̀.
Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀.
Lówùúrọ̀ a ó jọ lọ sọ́síbítù,
ẹni tó ní ìwé yóò wò yín,
èmi ó bá yín di gèlè yín mú.
Ní báyìí, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rèé, iyọ̀ ti wà nínú rẹ̀.

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó lanu gbàgàdà,
àtùpà tàn wọlé dé ọ̀fun.
Láti ibi tí mo dúró sí, mo kà á: mọ́kàndínlógún.
Kíkà kò gba àṣẹ.